Ohun Tí Bàbá Mi Máa Ń Yọ Kúrò Nínú Mọ́tò

Mọ́tò kì í pẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi kí wọ́n tó yọ tamósítáàtì inú rẹ̀. Ì báà jẹ́ ti oníbàárà, ì báà jẹ́ tiwọn, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kútọnu dé tí erùpẹ̀ ẹnubodè ṣì wà lára táyà rẹ̀. Wọn á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn á tú nọ́ọ̀tì bíi mélòó kan, wọn á fa nǹkan náà jáde, wọn á sì gbé e sókè fún onímọ́tò bí ẹni tó yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Wọn á ní nítorí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe ṣe é, pé kí la fẹ́ fi ṣe nínú oòrùn Èkó. Onímọ́tò á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tí kò bá rí tamósítáàtì rí, kó fojú inú wo ìdérí ìgò ńlá kan tó ní sípíríǹgì lẹ́yìn. Ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sí rédíétọ̀ ni wọ́n ń fi í sí. Bí omi bá ṣì tútù, á pa ọ̀nà náà dé kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ. Bí omi bá gbóná tó, á ṣí, omi á lọ sí rédíétọ̀ lọ gba atẹ́gùn, á sì padà wá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú bàbá mi, ọ̀daràn ni.

Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì n'Ìbàdàn, omi kànga àti omi odò ni gbogbo ayé ń dà sí rédíétọ̀. Ìpẹtà á jẹ tamósítáàtì, á lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó wà, kò ní ṣí mọ́. Omi á hó, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà níbi tí kò sí ilé, tí kò sí èèyàn. Ọ̀gá bàbá mi rí i títí ó fi sú u, ló bá ní kí wọ́n máa yọ ọ́ dànù. Bàbá gba ẹ̀kọ́ yẹn lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, wọ́n gbé e wá sí Ìkòtún nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn, wọ́n sì fi kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá omi kànga la ṣì ń dà sí mọ́tò.

Èyí tí wọ́n bá yọ, wọn kì í jù ú sọnù. Ike pẹ́ńtì ńlá kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa l'Ẹ̀gbẹ́dá, tamósítáàtì ló kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Àwọn tó ń ṣa irin lórí ààtàn Solous a máa yà nílé wa bi wá bóyá a fẹ́ tà á. Bàbá kì í dá wọn lóhùn. Èmi tí mò ń ránṣọ níwájú ilé ni mo máa ń lé wọn lọ, nítorí mo mọ̀ pé iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé bàbá mi ló wà nínú ike yẹn.

Ẹsẹ̀ màmá mi ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Àrùn rọpárọsẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn. Ọlọ́run ṣàánú wa, kò mú ẹnu, kò mú ọwọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ yẹn ń wọ́ nílẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n máa wá sí ọsibítù n'Ígàǹdo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n máa bá wọn na ẹsẹ̀ náà kí iṣan rẹ̀ má bàa kú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbọ̀n wọ́n jù, wọn ò sì lè gun bọ́ọ̀sì. Inú mọ́tò kékeré tí Bàbá ń wà nìkan ni wọ́n lè jókòó sí kí ara tù wọ́n. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ó tó àkókò kan tí Màmá gbé àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn kúrò nílẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n pè mí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ pé kí n wá wò ó. Mo wò ó, omijé sì bọ́ lójú mi, mo ní eruku ló kó sí mi lójú.

Àfi bí epo bẹntiróòlù ṣe gbówó lórí, tó tún gbówó lórí. Mọ́tò bàbá mi, tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, ń mu epo bíi tírélà. Bàbá ò fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, wọ́n fọ nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbọn ìdọ̀tí tó wà nínú ohun tó ń sẹ́ atẹ́gùn. Wọ́n fẹ́ táyà le débi pé mọ́tò náà ń ta pọ́n-ún bí bọ́ọ̀lù. Wọ́n yọ táyà ìpààrọ̀ àti jáàkì sílẹ̀ nílé nítorí pé wọ́n wúwo. Wọ́n fòfin de éésì, ẹ̀rọ amúlétutù inú mọ́tò. Tí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọn á já jíà sí fíríì kí mọ́tò máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀, Màmá á sì máa ka Ayatul Kursiyyu lẹ́yìn. Ìdájí ni wọ́n ń lọ ra epo, wọ́n ní epo tó bá tutù máa ń kún ju èyí tó gbóná lọ. Lọ́jọ́ kan Màmá béèrè bóyá kí àwọn bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àwọn sílé kí mọ́tò lè fúyẹ́. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín, Bàbá ò rín.

Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ nínú gbogbo rẹ̀. Bí epo bá wọnú mọ́tò yẹn lówùúrọ̀, ká tó ti Ìgàǹdo dé, ọwọ́ géèjì á ti wálẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Màmá ò wọṣọ. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ti yá, pé ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, pé lílọ ọsibítù ti tó. Bàbá ní Alhamdulillahi, wọ́n sì jókòó. Mo rò pé òótọ́ ni títí di ọ̀sán, nígbà tí mo wọlé lọ mu omi, tí mo rí Màmá mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ògiri, wọ́n ń fa ẹsẹ̀ yẹn lọ sí ilé ìdáná díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń bu ètè jẹ kí ohùn wọn má bàa jáde. Inú bí mi dé góńgó. Mo bi wọ́n léèrè irú irọ́ wo nìyẹn. Wọ́n ní kí n rẹ ohùn mi sílẹ̀.

"Bàbá yín ò ní máa fi ìyókù ayé wọn da epo sí mọ́tò nítorí ẹsẹ̀ kan," ni Màmá wí.

Mi ò ní sùúrù, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Bàbá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n wọn, tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ kí epo má bàa tán, mo gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó di àdúgbò Command. Ọmọ iṣẹ́ bàbá mi kan wà níbẹ̀ tó ti dọ̀gá ara rẹ̀. Ilé wa ló gbé nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, abọ́ kan náà la jọ ń jẹun nínú rẹ̀. Ní báyìí ó ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tó máa ń ki bọ abẹ́ sítíárìn mọ́tò, tí yóò sì máa ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Mo ní kó wá bá mi wo ẹni tó ń mu epo wa.

Ó ki nǹkan náà bọ̀ ọ́, ó ní kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. A dúró, a dúró. Ojú rẹ̀ wà lára kọ̀ǹpútà yẹn, nígbà tó yá ó fọwọ́ kan hóòsì rédíétọ̀, ó sì pa iná mọ́tò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ó ní kò rí nǹkan kan, pé mọ́tò yìí ò sàìsàn. Mo ní irọ́ ló ń pa, pé ẹni tó bá mi jẹun nínú abọ́ kan náà ò lè fi ojú yẹn tàn mí jẹ.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni pé Bàbá wà nítòsí. Ó wá ní tamósítáàtì ni kò sí níbẹ̀. Ó ṣàlàyé pé mọ́tò òde òní ní ọpọlọ tirẹ̀. Tí omi inú ẹ́ńjìnnì bá ṣì tútù, ọpọlọ yẹn á gbà pé mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á sì máa da epo sí i lọ́pọ̀ kó lè gbóná, bí ẹni tó ń fi kẹrosíìnì dáná igi tútù. Tamósítáàtì ló yẹ kó sé omi mọ́ kó lè gbóná. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí i, omi ń sá lọ sí rédíétọ̀ ṣáá, mọ́tò náà ò sì jí tán rí.

"Àǹtí, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìgàǹdo, àárọ̀ ṣì ni lójú mọ́tò yìí," ló wí.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún Bàbá. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lọ jí ẹran ọdún. Ó ní sípánà àkọ́kọ́ tí Bàbá fi lé òun lọ́wọ́, tamósítáàtì lòun fi tú. Ó ní àwọn oníbàárà ń gbé mọ́tò tí Bàbá ti yọ tiwọn wá sọ́dọ̀ òun, òun sì ń fi òmíràn sí i fún wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, òun ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ló ṣe àṣìṣe. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, mo sì tún fẹ́ gbá a létí. Mo ní tí kò bá fi ọ̀kan sí mọ́tò yìí lójú mi, màá gbé e lọ bá ẹni tí mi ò mọ̀ rí lójú títì. Ó mí kanlẹ̀, ó sì fi sí i. Ó da omi aláwọ̀ ewé tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà sí rédíétọ̀, ó wá bẹ̀ mí pé tí ọ̀ràn bá dé, kí n sọ pé èmi ni mo fipá mú òun.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, mo fi dandan gbé Màmá lọ sí ọsibítù. Mo sọ ohun tí a ṣe fún wọn lójú ọ̀nà. A lọ, a bọ̀, ọwọ́ géèjì epo fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Màmá ń yọ ojú wò ó láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní ká má tíì yọ̀.

Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Bàbá ti dé. Mo sọ fún wọn pé Màmá ṣì fẹ́ lọ ọsibítù, wọ́n dìde láìbéèrè nǹkan kan, èmi náà bá wọn lọ. Ọwọ́ géèjì kejì, èyí tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn, kì í kúrò nílẹ̀ pátápátá lójú bàbá mi. Wọ́n máa ń fọ́nnu pé ara tútù ni ẹ́ńjìnnì àwọn ní. Lọ́jọ́ yẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ká tó dé Ìkòtún ó ti dé àárín, ibi tí àwọn tó ṣe mọ́tò fẹ́ kó wà, ó sì dúró síbẹ̀. Bàbá pariwo pé mọ́tò ti ń gbóná, wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n pa iná, wọ́n bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́.

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn ò da omi náà. Wọ́n kàn dúró tí wọ́n ń wo ojú kan. Mo bọ́ sílẹ̀ lọ bá wọn, mo rí ohun tí wọ́n ń wò. Gọ́ọ̀mù tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí tamósítáàtì ń gbé, wọ́n fà á tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì fi àtàǹpàkò nu igun rẹ̀ tónítóní. Bàbá mi ló máa ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn láti nu gọ́ọ̀mù báyẹn. Wọ́n mọ ọwọ́ tó ṣe é. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan, ìyẹn ló sì dùn mí jù, nítorí mo ti múra ìjà sílẹ̀. A dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, a padà sílé, Màmá ò sì dé ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Asiri, Bàbá tú u. Màmá wà ní ilé ìdáná, wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ń gbé omi kaná nínú ògbólógbòó ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi tí a ń rẹ aṣọ sí láti fi jó ẹsẹ̀ wọn. Bàbá wọlé, tamósítáàtì wà lọ́wọ́ wọn, ojú wọn pọ́n. Wọ́n nà án sí mi lójú.

"Wò ó. Ó dé pa," ni wọ́n wí. "Ohun tó dé báyìí lẹ lọ fi sínú ẹ́ńjìnnì mi."

Kí n tó la ẹnu, Màmá ti béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti rí i tó ṣí rí. Bàbá ní níbo làwọn ti fẹ́ rí i, nígbà tó jẹ́ pé inú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ní ó ti ń ṣí. Màmá ní omi gbígbóná nìyí. Wọ́n ní àmọ́ o, inú èyí ni kí wọ́n jù ú sí, kí wọ́n má lọ mú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn.

Mo rò pé Bàbá máa jáde. Wọ́n jù ú sínú omi náà bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ bo ìkòkò. Kò ṣe nǹkan kan. Bàbá wò mí, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó létí ìkòkò, nǹkan náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu, díẹ̀díẹ̀, títí a fi ń rí ìsàlẹ̀ ìkòkò láàárín rẹ̀.

Bàbá fi ṣíbí yọ ọ́. Ó tutù, ó dé. Wọ́n dá a padà sínú omi, ó ṣí. Wọ́n ṣe é títí, Màmá ò sì sọ pé omi ẹsẹ̀ àwọn ń gbẹ. Nígbà tó yá, Bàbá jáde lọ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ike abẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n dà á sínú ìkòkò. Àwọn kan ti jẹrà, wọn ò mira. Àwọn tó pọ̀ jù la ẹnu. Bàbá mi fà sẹ́yìn, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí Màmá.

"Epo ẹsẹ̀ rẹ ni mo ń sun dànù látọjọ́ yìí," ni wọ́n wí.

Màmá ní wọn ò mọ̀ ni. Wọ́n ní àwọn náà parọ́, pé ẹsẹ̀ àwọn ò yá lọ́jọ́ tí àwọn ní ó yá.

"Mo mọ̀," ni Bàbá dáhùn. "Mo máa ń rí ọ lára ògiri. Epo ò sí nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì ní ohun tí mo lè fi rà á. Mo kàn ní Alhamdulillahi ni."

Màmá gbé ọwọ́ lé fìlà wọn, ọwọ́ náà sì pẹ́ níbẹ̀. Mo jáde kúrò ní ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tèmi mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá ní kí Màmá múra ọsibítù, àmọ́ Command ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wa lọ. Bí ọmọ iṣẹ́ wọn ṣe rí mọ́tò náà, ó ti mọ̀ pé ọ̀ràn dé. Ó sáré wá, ó ti ń dọ̀bálẹ̀ nínú epo ilẹ̀, Bàbá di apá rẹ̀ mú. Wọ́n yọ tamósítáàtì láti inú àpò bùbá wọn, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán.

"Ìwọ lo fi sí i, èmi ni mo yọ ọ́," ni wọ́n wí. "Fi sí i padà. Màá bá ọ di tọ́ọ̀ṣì mú."

Iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ni dídi tọ́ọ̀ṣì mú. Ọ̀gá kì í dì í mú fún ọmọ iṣẹ́. Ọkùnrin náà dúró, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè tẹ̀ síwájú. Ó ní kí Bàbá má ṣe òun báyìí, kí wọ́n jọ̀ọ́ jókòó. Màmá yọrí láti inú mọ́tò.

"Jẹ́ kí wọ́n dì í mú jàre. Ọsibítù ni mò ń lọ."

Ó tẹríba, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá dúró tì í, wọ́n ń tan iná sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ. Láàárín iṣẹ́ náà wọ́n béèrè lóhùn jẹ́jẹ́ ìdí tí kò fi sọ fún àwọn. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ sọ ọ́. Bàbá sún iná náà mọ́ ọn, wọ́n wá bi í bóyá ó tó o. Ó ní ó tó, Bàbá.

Nígbà tí a gba ọ̀nà Ìgàǹdo, ọwọ́ géèjì gòkè dé àárín, ó dúró. Ẹsẹ̀ Bàbá ṣí fúnra rẹ̀ kúrò lórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí mọ́tò sáré, ẹ̀rù ìgbà pípẹ́ ò tíì tán lára wọn. Màmá ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n sì ń lọ. A dé ẹnu géètì ọsibítù, Bàbá bọ́ sílẹ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún Màmá, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tó ń dùn wọ́n, ni Màmá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ọmọ iṣẹ́ Bàbá ṣì wà nínú àpò bùbá wọn, wọ́n gbàgbé láti pa á, ó ń tàn lójú oòrùn.